Ìbéèrè Tí Àwọn Ọkọ àti Bàbá Máa Ń Bi Wá Jù, àti Ìdáhùn Wọn

Àwọn ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ọkùnrin nínú àwọn ìjọ wa ní Abẹ́òkúta, láti Ìbarà títí dé Ọbáńtókò. A to èyí tó rọrùn síwájú, a sì fi èyí tó le sẹ́yìn.

Bíbélì ní ọkọ ni orí aya. Kí ni iṣẹ́ orí gan-an?

Éfésù 5:22 àti 23 ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin há sórí. Ẹ ka ẹsẹ 21 tó ṣáájú wọn, tó ní kí gbogbo wa máa tẹríba fún ara wa, kí ẹ sì kà á lọ títí dé ìparí orí náà. Ẹsẹ mẹ́ta ni Pọ́ọ̀lù fi dojú ọ̀rọ̀ kọ aya. Láti ẹsẹ 25 lọ sísàlẹ̀, ọkọ ló ń bá wí, ohun tó sì ní kí ọkọ ṣe ni pé kó fi ara rẹ̀ fún aya rẹ̀ bí Kristi ti fi ara rẹ̀ fún ìjọ.

Nínú ilé, ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde ni orí. Òun ló kọ́kọ́ ń sọ pé "má bínú." Òun ló kọ́kọ́ ń fi nǹkan du ara rẹ̀ bí owó kò bá tó. Bí omi bá tán nílé ní aago márùn-ún ìdájí, tí ọkọ gbé kẹ́ẹ̀gì méjì lọ sídìí kànga kí ìyàwó tó jí, ó ti ṣe ohun tí ẹsẹ 25 wí. Ọkùnrin tó bá ń fi "ṣebí èmi lorí" gé gbogbo ọ̀rọ̀ kúrú nílé, kó tún orí Bíbélì yẹn kà.

Báwo la ṣe lè máa ṣe àdúrà ìdílé kó má di ìnira?

Ìṣẹ́jú 15 ti tó. Orin kan, ẹsẹ Bíbélì márùn-ún sí mẹ́wàá, ìbéèrè kan lórí ohun tí ẹ kà, kí ẹni méjì sì gbàdúrà ṣókí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tí kì í yẹ̀ sàn ju ojoojúmọ́ tó máa dáwọ́ dúró lọ́sẹ̀ kejì. Ilé tí àwọn ọmọ ti ń jáde kí aago méje àárọ̀ tó lù, alẹ́ ló dára fún wọn, kí oorun tó wọ̀ wọ́n lójú. Ìwé Máàkù la máa ń ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: orí 16 péré ni, ìtàn inú rẹ̀ sì ń yára lọ, ọmọdé kì í sùn sí i.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kí bàbá sọ ọ́ di ìwàásù, tàbí kó máa fi àdúrà bá ìyàwó wí: "Olúwa, bá wa fọwọ́ kan ọkàn àwọn tí kì í gbọ́ràn nínú ilé yìí." Àwọn ọmọ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún méje ka ẹsẹ kan, bó bá tiẹ̀ ń kọsẹ̀ lórí "Nebukadinésárì", kí ẹ dúró dè é. Fóònù bàbá ni kó kọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ kí wọ́n tó sọ fún ọmọ pé kó gbé tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ fi Yorùbá kà á, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìlú tí míṣọ́nnárì Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní èdè Yorùbá láti 1859 ni ìlú yìí. Kò yẹ kí ọmọ tí a bí síbẹ̀ máa wo Bíbélì Yorùbá bí ìwé àjòjì.

Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń wálé. Báwo ni mo ṣe lè tọ́ ọmọ láti ọ̀nà jíjìn?

Ẹ dá aago kan tí ẹ ó máa pè, kí ó má sì yí padà. Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé aago méje àbọ̀ alẹ́ ni Dádì máa ń pè, wọn yóò máa kó ọ̀rọ̀ jọ dè yín. Ẹ bá ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. "Ṣé dáadáa ni?" kì í mú èsì wá ju "bẹ́ẹ̀ ni, sà" lọ. Ẹ bi í pé, "Ta lo jókòó tì lónìí?" tàbí "Ìṣirò wo ni kò yé ọ?" Nígbà tí wọ́n bá ti sùn, ẹ tún pe ìyá wọn, kí ọ̀rọ̀ yín ó má jẹ́ owó iléèwé àti owó iná nìkan.

Bí ẹ bá wọlé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ má gbọ́ ẹjọ́ kankan títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń sọ fún ọmọ pé "jẹ́ kí Dádì ẹ dé," bẹ́ẹ̀ ni ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ọjọ́ tó yẹ kó máa fò fún ayọ̀. Ẹ bá ìyàwó sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, kí ó máa yanjú ti àárín ọ̀sẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ní ti Sátidé, ẹ yọ méjì sọ́tọ̀ lóṣù tí ẹ kò ní lọ òde kankan, aṣọ ẹbí ìbáà ti délẹ̀.

Báwo ni kí a ṣe máa ná owó tí kì í fi í dìjà?

1 Tímótì 5:8 kò fi bò rárá: ẹni tí kò bá pèsè fún ará ilé rẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ìpèsè kì í ṣe ká kàn na owó síni. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí owó oṣù bá wọlé, kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ẹ kọ gbogbo ohun tó wọlé, ti ọkọ àti ti aya. Ẹ yọ ti Ọlọ́run, lẹ́yìn náà owó ilé, owó oúnjẹ, owó iléèwé, owó ọkọ̀, owó ìyá àti bàbá nígun méjèèjì, àjọ tàbí kọ́ọ̀póréétì, àti owó àìròtẹ́lẹ̀.

Owó ilé àti owó iléèwé ló ń da ilé rú jù, bẹ́ẹ̀ a ti mọ ọjọ́ tí méjèèjì ń bọ̀. Ohun tó fà á ni pé a kì í pín wọn. Bí owó ilé bá jẹ́ ₦360,000 lọ́dún, ₦30,000 ni lóṣù, kí ó sì máa kúrò nílẹ̀ lóṣooṣù bí ẹni ń dá àjọ. Sáà mẹ́ta ló wà nínú ọdún iléèwé, nítorí náà oṣù mẹ́rin ni sáà kọ̀ọ̀kan ní. Ọmọ tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦60,000 ní sáà kan, ₦15,000 ni ẹ ó máa yọ fún un lóṣù. Ẹ fi sí àpamọ́ kan ní báńkì tí ẹ kò gba káàdì rẹ̀.

Owó oúnjẹ ni èkejì. Ẹ má fún ìyàwó yín ní díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Obìnrin tó ń gba ₦3,000 láràárọ̀ á máa ra gàrí ní kóńgò, á máa ra tòmátò ní abọ́ kékeré, èyí sì wọ́n ju kí ó rà á lápò tàbí kí òun àti ẹnì kan pín apẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ fún un ní ti ọ̀sẹ̀ méjì tàbí ti oṣù lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ bá a lọ sọ́jà ní Kútọ̀ tàbí Lafẹ́nwá. Ẹ gbé àpò, ẹ dákẹ́, ẹ fetí sí iye tí wọ́n ń pe nǹkan. Ọkọ tó bá ti gbọ́ iye tí wọ́n ń ta òróró kò ní tún béèrè pé "níbo lowó yẹn lọ?"

Ẹ fẹnu kò sí iye kan, bíi ₦20,000, tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní ná kọjá láìsọ fún ẹnì kejì. Gbèsè náà wà nínú èyí. Bákan náà, kí ọkọ ní owó díẹ̀, kí aya ní owó díẹ̀, tí ẹnì kan kò ní bi ẹnì kejì ohun tó fi ṣe.

Owó tí ìyàwó mi ń gbà ju tèmi lọ. Ṣé mo ṣì jẹ́ orí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Éfésù 5 kò mẹ́nu kan owó oṣù. Ohun tó ń fa wàhálà ni kí ọkọ máa fi ariwo ra ọ̀wọ̀ tí ó rò pé owó ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, níwájú àwọn ọmọ àti níwájú ẹbí tiyín pẹ̀lú, kí ẹ sì gbé iṣẹ́ ilé tí àyè yín gbà.

Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Yàtọ̀ sí owó, kí ni mo lè ṣe?

Ẹ gba káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ sọ́wọ́ yín. Ọjọ́ tí a bí i ni ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9 àti oṣù 15. Ẹ kọ gbogbo ọjọ́ náà sínú fóònù yín, kí ẹ sì bá wọn lọ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ọmú nìkan ni ọmọ nílò fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò nílò omi. Bí ìyá yín tàbí ìyá ìyàwó bá fẹ́ fún un ní omi tàbí àgbo, ẹ̀yin ni kí ẹ bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí olómọ tuntun má di ẹni tó ń bá àgbà jiyàn. Lóru, ìyá ló ń fún ọmọ lọ́mú, ṣùgbọ́n bàbá lè gbé ọmọ wá, kí ó pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, kí ó sì gbé e lé èjìká kí ó lè gúnfẹ̀.

Àwọn àmì kan wà lára ìyàwó yín tí kò gba ìdúró: bí ẹ̀jẹ̀ bá ń rin paadi kan gbingbin láàárín wákàtí kan, bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, tàbí bí gìrì bá mú un. Ilé ìwòsàn ni ó kàn, Ìdí-Abà tàbí Ìjàyè tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín, lóru ọjọ́ náà. Ẹ lè pe pásítọ̀ láti inú ọkọ̀.

Ní ti ìbálòpọ̀, àwọn dókítà sábà máa ń ní kí a dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí ẹ sì mọ̀ pé obìnrin lè lóyún kí nǹkan oṣù rẹ̀ tó padà dé. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bímọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14. Ẹ gbà á, kí ẹ sì fi ṣe iṣẹ́ ilé.

Ìyá mi àti ìyàwó mi kò gbọ́ra. Ta ni kí n gbè?

Jẹ́nẹ́sísì 2:24 ní ọkùnrin yóò fi bàbá àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì fara mọ́ aya rẹ̀. Ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Ìtumọ̀ rẹ̀ kì í ṣe pé kí ẹ pa ìyá tì. Ní Abẹ́òkúta yìí ni Àjàyí Crowther ti tún fojú kan Àfàlá ìyá rẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25 tí ogun ẹrú ti yà wọ́n. Ó ti di ọkọ àti bàbá nígbà náà, ìyá rẹ̀ sì tún rí àyè lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìlànà tó ń ṣiṣẹ́ kò pọ̀. Ẹni tó bí yín, ẹ̀yin ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ẹ má rán ìyàwó sí ìyá yín, ẹ má sì jẹ́ kí ó dà bíi pé ìyàwó ló rán yín. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì sọ pé: "Màámi, ẹ ṣeun tí ẹ̀ ń bójú tó wa. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ilé yẹn, èmi àti Ìyá Tádé la jọ fẹnu kò sí i. Bó bá kù díẹ̀ káàtó, èmi ni kí ẹ bá wí." Gbólóhùn "èmi ni kí ẹ bá wí" yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ọkọ tó bá ní "ìyàwó mi ni kò fẹ́" ti na ìyàwó rẹ̀ fún ẹbí.

Ohun mẹ́ta ló ń dá iná náà sílẹ̀ jù: ọkọ tó ń lọ ro ẹjọ́ ìyàwó fún ìyá rẹ̀, tí òun àti ìyàwó á parí ìjà lálẹ́, tí ìyá kò ní gbàgbé, owó tí ọkọ ń fi ránṣẹ́ sí ìyá láìjẹ́ kí ìyàwó mọ̀, àti ìyàwó tí wọ́n ń fi sàsè gbogbo ayẹyẹ ẹbí bí ẹni gba iṣẹ́. Bó bá ṣeé ṣe, kí owó ìyá yín máa gba ọwọ́ ìyàwó yín kọjá, kí ẹ sì fún ìyá rẹ̀ náà bákan náà.

Ṣé kí n máa na ọmọ? Òwe 13:24 sọ̀rọ̀ nípa pàṣán.

Ó sọ bẹ́ẹ̀. Éfésù 6:4 àti Kólósè 3:21 náà sì sọ pé kí bàbá má ṣe mú ọmọ bínú, kí ọkàn wọn má bàa rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó bá di ẹsẹ kan mú tí ó ju èkejì nù kò ka Bíbélì tán. Ìbáwí ni Òwe ń wí, nína sì kọ́ ni ìbáwí tó ń gbéṣẹ́ jù. Èrò wa ni pé ọ̀pọ̀ ẹgba tí wọ́n ń fún ọmọ nílé wa, ìbínú bàbá ló wà nídìí rẹ̀: ó ti bínú wálé láti ibi iṣẹ́, ọmọ sì da omi sílẹ̀.

Ẹ má fi wáyà tàbí bẹ́líìtì kan ọmọ, ẹ má gbá a lórí tàbí létí, ẹ má sì fìyà jẹ ẹ́ níwájú àlejò. Bí inú bá ń bí yín, ẹ jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọmọ, kí ẹ jókòó kí ojú yín lè bá tirẹ̀ dọ́gba, kí ẹ sì bi í pé: "Kí lo ṣe? Kí ló yẹ kí o ṣe? Báwo lo ṣe máa tún un ṣe?" Ẹni tó da omi, kí ó nù ún. Ẹni tó purọ́ fún tíṣà, kí bàbá bá a lọ bẹ tíṣà. Ẹni tó pa iṣẹ́ àmúrelé tì nítorí fóònù, kí fóònù sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó sì jẹ́ mẹ́ta lóòótọ́, nítorí ọmọ máa ń ka ọjọ́. Kí ọjọ́ náà tó parí, ẹ pè é mọ́ra.

Mo ti ṣẹ ìyàwó mi. Báwo ni ọkọ ṣe ń tọrọ àforíjì láìsọ ara rẹ̀ di yẹpẹrẹ?

Pétérù àkọ́kọ́ 3:7 sọ pé bí ọkọ kò bá bọ̀wọ̀ fún aya, àdúrà rẹ̀ á ní ìdènà. Ìyẹn ni ó yẹ kó dun ọkùnrin ju kí wọ́n máa wò ó ní yẹpẹrẹ lọ.

Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ṣe. "Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, má bínú" kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, ẹjọ́ ni ẹ ṣì ń rò. Ẹ sọ pé: "Mo jágbe mọ́ ọ níwájú àbúrò ẹ lánàá. Kò yẹ kí n ṣe é. Má bínú." Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má fi "ṣùgbọ́n ìwọ náà" tẹ̀ lé e. Bó bá sunkún tàbí tó tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Bí ìjà náà bá ṣẹlẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, kí ẹ̀bẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ níwájú wọn. Súyà àti aṣọ tuntun lè tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n wọn kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin rèé, a kò tíì rọ́mọ bí. Ẹbí mi ní kí n fẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò tiyín kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí kò rọ́mọ bí, ọ̀dọ̀ ọkùnrin ni ìṣòro náà wà tàbí kí ó ní ọwọ́ nínú rẹ̀, bí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àyẹ̀wò àtọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ẹ ó yàgò fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ méjì sí méje ṣáájú, ẹ ó sì gbé e dé yàrá àyẹ̀wò láàárín wákàtí kan, nínú àpò tó sún mọ́ ara, kí ó má tutù. Bí èsì rẹ̀ kò bá dára, wọ́n á tún un ṣe. Ara ọkùnrin ń lò tó oṣù méjì àbọ̀ sí mẹ́ta kí ó tó pèsè àtọ̀ tuntun, nítorí náà ìtọ́jú kì í fi èsì hàn lọ́sẹ̀ kejì. Sìgá, ọtí àti abẹ́rẹ́ tí àwọn kan ń gbà kí iṣan wọn lè yọ ń dín àtọ̀ kù.

Ní ti ìyàwó kejì, ọkùnrin tó fi orúkọ sílẹ̀ lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó, ní ilé ìjọba tàbí ní ìjọ tó ní ìwé àṣẹ, kò lè fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tí ìgbéyàwó náà ṣì dúró. Ìwé òfin ọ̀ràn ti gúúsù Nàìjíríà, abala 370, ka á sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè mú ẹ̀wọ̀n ọdún 7 wá. Ó sì tún jẹ́ dídà májẹ̀mú tí ẹ bá Ọlọ́run dá níwájú pẹpẹ. Bó bá jẹ́ ìgbàtọ́ ni ọkàn yín fà sí, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ilé-ẹjọ́ ni ẹ ó bá lọ. Ẹ má ra ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ẹbí gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kì í ṣe lẹ́nu ìyàwó yín: "Àwa méjèèjì la jọ ń wá ọmọ." Ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé ẹbí, nígbà tí òun náà bá wà níjókòó.

Mo ti gbá ìyàwó mi létí. Ó ti lé lẹ́ẹ̀kan. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀ṣẹ̀ ni, ọ̀ràn sì ni lójú òfin. Kì í ṣe èṣù ló di ọwọ́ yín mú. Bó bá farapa, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún dókítà. Bó bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ tàbí níbikíbi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó lọ, kí ẹ fún un ní owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, kí ẹ má dá ọjọ́ ìpadàbọ̀ fún un.

Ẹ lọ bá àgbà méjì tí kì í ṣe ẹbí yín, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó lè sọ̀rọ̀ sí yín lójú. Ẹ ròyìn ohun tí ẹ ṣe láìfi ẹ̀bi kankan sórí ìyàwó yín. Kí ẹ máa rí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Bó bá jẹ́ pé ọtí ló ń tì í, ọtí gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá. A sì ń sọ ọ́ fún àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run pẹ̀lú: ẹ má rán obìnrin tí ojú rẹ̀ wú padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà pé kí ó lọ gbàdúrà.

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 19. Kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ jẹ ẹ́ ní ẹ̀bẹ̀ kan. Nínú Lúùkù 15, ọ̀nà jíjìn ni ọmọ náà ṣì wà tí bàbá fi rí i, tó sì sáré lọ bá a, kò sì jẹ́ kí ó ka gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó ti kọ́ sórí tán. Bàbá ló sáré.

Ẹ má fi owó iléèwé di í lókùn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mú un lọ jẹ ìrẹsì ọ̀fàdà níbìkan, ẹ̀yin méjì péré, kí ẹ béèrè nípa ohun tó fẹ́ràn, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán láìfi ìwàásù dì í. Ẹ máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ kékeré ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìlà méjì, láìfi ẹsẹ Bíbélì kún un. Bí kò bá fèsì fún oṣù mẹ́ta, ẹ ṣì máa fi ránṣẹ́.

Bó bá jẹ́ pé oògùn olóró ló wà nídìí rẹ̀, tí kì í sùn, tí ó ń sọ̀rọ̀ tí kò já síra tàbí tí ó ń tà nǹkan ilé, ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa dè é mọ́lẹ̀ fún ààwẹ̀. Arò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, wà nínú ìlú yìí. Dókítà Adéoyè Lambo tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ ní 1954 ní kí aláìsàn wá pẹ̀lú ẹbí kan tó máa bá a gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, nítorí ó mọ̀ pé ara ẹni tí a kò dá nìkan fi sílẹ̀ máa ń tètè yá. Bí ẹ bá gbé ọmọ yín débẹ̀ lónìí, tí wọ́n bi pé ta ni ó tẹ̀ lé e wá, kí ó jẹ́ bàbá rẹ̀.